Kẹ́ ẹ tó ta ilé bàbá yín, ẹ fọ páìpù ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀

Ọ̀kún o, ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ wà ní Èkó, Àbújá, Kàdúná àti òkè òkun. Ilé títà ti wọ́pọ̀ nílẹ̀ Okun, ní Ìpínlẹ̀ Kogí, báyìí. Àwọn ilé tí bàbá àti ìyá wa fi owó tíṣà àti owó oko kọ́ ní Kàbbà, Ìyàrà, Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, àwọn ọmọ ò gbé inú wọn mọ́. Ẹbí á fẹnu kò, wọ́n á wá ẹni tó máa rà á. N ò bá ẹnikẹ́ni wí nítorí ìyẹn. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹ máa kun ògiri lọ́dà tuntun, ẹ máa pààrọ̀ síìlìn, ẹ máa ra gílóòbù tuntun sí pálọ̀, ẹ ò sì ní ṣí ìdérí ṣéńbà kan ṣoṣo tí páìpù ìgbọ̀nsẹ̀ gbà kọjá wò kẹ́ ẹ tó gbowó lọ́wọ́ ẹni ẹlẹ́ni.

Iṣẹ́ wolé-wolé ni mo ṣe lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ohun tí mo mọ̀ nípa ilé, ẹ̀yìnkùlé ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ra ilé tí páìpù rẹ̀ ti dí, owó nìkan kọ́ ló máa pàdánù. Omi ìgbọ̀nsẹ̀ tí kò bá rí ọ̀nà wọ táǹkì á wá ọ̀nà mìíràn gbà, ọ̀nà ọ̀hún sì sábà máa ń já sí kànga, bóyá tirẹ̀, bóyá ti aládùúgbò. Ibẹ̀ ni kọ́lẹ́rà àti táífọ́ọ̀dù ti ń wọlé. Àwọn ọmọ kéékèèké ló sì kọ́kọ́ máa ń mú.

Ẹni tó ti gbé àárín ìlú Àbújá lè rò pé páìpù ìjọba kan wà lójú títì tó ń gba ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbo ilé. Nílẹ̀ wa, kò sí. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ń tọ́jú tirẹ̀. Omi láti ìgbọ̀nsẹ̀, balùwẹ̀ àti ṣíńkì á bọ́ sínú páìpù ńlá kan, oní-ínṣì 4 lọ́pọ̀ ìgbà, tó ń gba abẹ́ ilẹ̀ láti ṣéńbà kan dé èkejì. Ṣéńbà yìí ni àpótí onísìmẹ́ńtì tí bíríkìlà máa ń mọ síbi tí páìpù bá ti ṣẹ́ kọ́nà tàbí tí páìpù méjì bá ti pàdé. Ti ìkẹyìn ló ń tú u sínú táǹkì. Nínú táǹkì, ohun tó wúwo á rì sísàlẹ̀, ọ̀rá á léfòó, omi àárín á kọjá sínú yàrá kejì, láti ibẹ̀ á lọ sínú sókàwéè tí ilẹ̀ ti máa fà á mu. Ẹ má ka táǹkì àti sókàwéè sí ohun kan náà. Ihò méjì ni wọ́n, ohun tó ń ba ọ̀kan jẹ́ sì yàtọ̀ sí ohun tó ń ba èkejì jẹ́.

Ní ti àsìkò, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kẹ́ ẹ fọ páìpù. Òjò wa máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Kẹrin, ó sì máa ń parí nínú oṣù Kẹwàá. Lẹ́yìn ìyẹn, ilẹ̀ á gbẹ, ihò tẹ́ ẹ bá gbẹ́ kò ní kún fómi, ọkọ̀ tó ń fa ìgbẹ́ náà á sì lè dé ẹ̀yìnkùlé láìrì. Àsìkò Kérésì tí gbogbo ẹbí bá wálé gan-an ló dára jù, torí àwọn àgbà tó mọ ìtàn ilé náà á wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n sókàwéè ní tirẹ̀, inú òjò la ti ń mọ òtítọ́ rẹ̀. Àpáta sún mọ́ ojú ilẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó ń gbẹ́ sókàwéè á gbẹ́ ẹ títí, á kan òkúta, á ní ó ti tó. Lẹ́ẹ̀rùn, omi á máa wọlẹ̀ bó ṣe yẹ. Tó bá di oṣù Kẹsàn-án tí ilẹ̀ ti mu omi yó, omi dúdú á máa sun jáde láàárín koríko. Nítorí náà, bí ẹ bá ń gbèrò láti tà á lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ ní kẹ́nìkan lọ rìn yí sókàwéè ká nínú oṣù Kẹsàn-án tàbí Kẹwàá ọdún yìí. Tí òjò bá sì ti lọ, koríko tó bá tutù yọ̀yọ̀ níbì kan ṣoṣo nígbà tí gbogbo ọgbà ti ń gbẹ, àmì ni.

Ẹ wá gbogbo ṣéńbà rí ná. Nínú ilé tó ti pẹ́, ìdérí kan á ti wọ abẹ́ iyẹ̀pẹ̀, wọ́n á ti kọ́ ilé adìyẹ lé òmíràn lórí, ẹni tó tún ilé ṣe á sì ti rẹ́ ẹ̀kẹta pọ̀ mọ́ fàráńdà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ògiri ilé ìgbọ̀nsẹ̀ níbi tí páìpù ti jáde, ẹ máa fi ọ̀pá irin gún ilẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ máa lọ sí apá ibi tí ilẹ̀ ti dà. Bí bíríkìlà tó ṣiṣẹ́ náà bá wà láàyè, ẹ lọ kí i nílé, ẹ bi í. Wọn kì í gbàgbé.

Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó ki irin bọlẹ̀ níbikíbi, ẹ béèrè ibi tí sàréè wà. Inú ọgbà ilé ni ọ̀pọ̀ wa máa ń sin àwọn òbí wa sí, kì í sì í ṣe gbogbo sàréè ló ní símẹ́ńtì àti orúkọ lórí. Ìyá àgbà tí wọ́n ti sin tipẹ́ kí ìgbọ̀nsẹ̀ tó wọ inú ilé lè sùn síbi tí páìpù gbà kọjá gan-an. Ẹ jẹ́ kí àgbà ẹbí kan dúró tì yín lọ́jọ́ náà, kó fọwọ́ tọ́ka. Bí páìpù bá sún mọ́ sàréè, ẹ má gbẹ́ ibẹ̀ rárá. Láti inú ṣéńbà ni kẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́, tàbí kẹ́ ẹ darí páìpù tuntun gba ibòmíràn. Ọ̀rọ̀ sàréè yìí, ẹni tó fẹ́ ra ilé gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu yín kó tó san kọ́bọ̀. Mo ti rí ìjà tó ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tí àgbà ìlú ò lè parí.

Tí ẹ bá ti rí àwọn ṣéńbà, ẹ ṣí wọn kalẹ̀ díẹ̀ kí òórùn inú wọn tú. Ẹ wá po búlúù tí a fi ń fọ aṣọ funfun sínú garawa omi kan, ẹ dà á sínú ìgbọ̀nsẹ̀ àkọ́kọ́, kẹ́nìkan dúró ti ṣéńbà kọ̀ọ̀kan kó máa wò ó. Ẹ ó rí ibi tí ó gbà yọ. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìgbọ̀nsẹ̀ yòókù, fún balùwẹ̀, fún ṣíńkì. Nígbà mìíràn, ṣíńkì kò já sí ṣéńbà kankan, gọ́tà ìta ló ń lọ. Èyí tó burú jù ni kí omi òrùlé máa wọ ṣéńbà ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ já a kúrò lọ́jọ́ náà gan-an. Òrùlé tó gùn ní mítà 15 tó sì fẹ̀ ní mítà 10, bí òjò mìlímítà 40 bá rọ̀ sí i, lítà omi 6,000 ló máa dà sílẹ̀. Táǹkì ilé kò ṣe é fún irú omi bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tó ti rì sísàlẹ̀ ni omi náà máa rú sókè, táá sì gbá a lọ sínú sókàwéè, sókàwéè tí ẹrẹ̀ ìgbẹ́ bá sì ti wọ̀, ilẹ̀ rẹ̀ kì í fa omi mọ́.

Táǹkì la fi ń bẹ̀rẹ̀ ìfọ̀, kì í ṣe páìpù. Ọ̀pọ̀ púlọ́ńbà ló máa ń ṣe é ní òdì. Bí táǹkì bá kún tí ẹ wá ń ti ìdọ̀tí páìpù sínú rẹ̀, kò ní síbi tó máa gbà, á padà sínú ilé, á gba ilẹ̀ balùwẹ̀ yọ. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wọn táǹkì. Ẹ mú ọ̀pá gígùn kan, ẹ fi àkísà funfun wé ìdajì rẹ̀ ìsàlẹ̀ kẹ́ ẹ sì dì í pinpin, ẹ rì í bọ ìdérí títí tó fi kan ìsàlẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, kẹ́ ẹ wá fà á jáde lẹ́sọ̀ lẹ́sọ̀. Ibi tí dúdú kìjikìji dé lára àkísà ni ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ dé. Ẹ kan pákó pẹlẹbẹ kékeré mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀pá mìíràn, kẹ́ ẹ fi í wá ìsàlẹ̀ ọ̀rá tó léfòó. Ibi tí pákó bá ti ń há nígbà tẹ́ ẹ bá ń fà á bọ̀ lókè, ibẹ̀ ni ọ̀rá náà parí sí. Bí ẹrẹ̀ àti ọ̀rá lápapọ̀ bá ti tó ìdá kan nínú mẹ́ta jíjìn táǹkì, ẹ pe ọkọ̀ kó wá fà á. Bí kò bá tíì tó bẹ́ẹ̀, ẹ fi owó yín sápò.

Ẹ dákun, ẹ dúró níhìn-ín ká sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wọ inú táǹkì ìgbọ̀nsẹ̀. Ì báà gbẹ, ì báà ṣe pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á tán, ì báà ṣe ọmọkùnrin tó lágbára jù ládùúgbò, tó sọ pé òun ti ń ṣe é tipẹ́. Gáàsì wà nínú rẹ̀ tó ń rùn bí ẹyin òbu. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ ló máa ń dúró sí. Bó bá ti pọ̀, imú kì í gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́, ẹni tó wà níbẹ̀ á rò pé ó ti lọ, á sì ṣubú láìpariwo. Bí a ṣe ń gbọ́ ọ nìyí: ẹnìkan á wọlé láti kó ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀, kò ní dáhùn mọ́, àbúrò rẹ̀ á bẹ́ sílẹ̀ láti gbé e, ẹnìkẹta á tẹ̀ lé àbúrò, òkú mẹ́ta á sì jáde nínú ihò kan. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣubú sínú rẹ̀, ẹ má tọ̀ ọ́ lọ. Ẹ ju okùn sí i, ẹ sì pariwo kí wọ́n wá ràn yín lọ́wọ́ látòkè. Gáàsì kejì tó wà níbẹ̀ máa ń gbaná, nítorí náà kò sí sìgá, kò sí àbẹ́là, kò sí ìṣáná lẹ́bàá ìdérí tó ṣí sílẹ̀. Iná tọ́ọ̀ṣì ni kẹ́ ẹ lò. Kẹ́ ẹ sì lé àwọn ọmọdé jìnnà. Ìdérí táǹkì tó ṣí sílẹ̀, ẹnìkan gbọ́dọ̀ dúró tì í ní gbogbo ìgbà, kódà tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ jẹun.

Ẹni tó máa fi ọkọ̀ fa ìgbẹ́, ẹ bi í ní ibi tó máa dà á sí, kẹ́ ẹ sì gbọ́ èsì tó yéni kẹ́ ẹ tó sanwó. Bó bá ní òun máa wá ibì kan lójú ọ̀nà, ẹ má gbé iṣẹ́ fún un. Odò tó máa da ìgbẹ́ bàbá yín sí, ẹnìkan ń pọn ọ́n mu nísàlẹ̀. Níbi tí ọkọ̀ ò bá lè dé, àwọn tó ń fọwọ́ kó o ṣì wà. Látòkè ni kí wọ́n ti fi garawa onígi gígùn fà á, kí wọ́n sì bò ó mọ́ inú ihò tuntun tó jìnnà tó mítà 30, ó kéré tán, sí kànga àti odò, lápá ìsàlẹ̀ kànga, kì í ṣe lókè rẹ̀. Tí wọ́n bá fà á tán, ẹ má da Izal, háípò tàbí ọṣẹ olóró kankan sínú táǹkì láti fọ̀ ọ́. Àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí ló ń jẹ ìdọ̀tí inú rẹ̀, bí ẹ bá pa wọ́n, táǹkì yóò yára kún.

Nígbà tí táǹkì bá ti rọlẹ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì látẹnu ìdérí wo ibi tí páìpù ti wọlé àti ibi tó ti jáde. Tíì, ìyẹn oríkèé páìpù tó rí bíi lẹ́tà T, ló yẹ kó wà lẹ́nu méjèèjì, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ rì sínú omi dáadáa kọjá ibi tí ọ̀rá dé. Ọ̀pọ̀ bíríkìlà lọ́dọ̀ wa kì í fi í sí i. Páìpù ṣákálá ni wọ́n máa ń yọ lẹ́nu ògiri. Ohun tó fà á nìyẹn tí ọ̀rá fi ń ṣàn lọ sínú sókàwéè tó sì ń dí ilẹ̀ ibẹ̀ pa. Tíì oní-ínṣì 4 kan, páìpù kúkúrú àti gọ́ọ̀mù páìpù, owó kékeré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹni tó ra ilé gbẹ́ sókàwéè tuntun. Bí ọwọ́ bá lè tó o látòkè, kí púlọ́ńbà fi í síbẹ̀. Bí kò bá lè tó o, kí bíríkìlà la ihò sí òkè táǹkì níbẹ̀ gan-an, kó sì fi ìdérí kékeré sí i lẹ́yìn náà.

Páìpù ló kàn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ onírọ́bà tó gùn dé ìgúnpá, bàtà òjò, kẹ́ ẹ sì fi nǹkan bo imú àti ojú. Ẹni tó ní egbò lọ́wọ́ tàbí lẹ́sẹ̀ kó jókòó, torí ìtọ̀ eku wà nínú omi yẹn pẹ̀lú gbogbo ohun yòókù.

Ẹ wo àwọn ṣéńbà láti ìsàlẹ̀ bọ̀ sókè. Èyí tó gbẹ àti èyí tó kún ló máa sọ ibi tí ìdínà wà. Bí ṣéńbà kejì bá kún tí ti ẹ̀kẹta tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ sì gbẹ, àárín àwọn méjèèjì ló ti dí. Bí gbogbo wọn bá gbẹ tí ìgbọ̀nsẹ̀ sì kún, àárín ilé àti ṣéńbà àkọ́kọ́ ni. Bí gbogbo wọn bá kún, táǹkì tàbí sókàwéè ni kẹ́ ẹ padà sí. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti inú ṣéńbà tó gbẹ ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ máa ti ọ̀pá sókè sí ọ̀nà ilé. Púlọ́ńbà kan lè fẹ́ kẹ́ ẹ ti inú èyí tó kún tì í wá sísàlẹ̀, torí ó yá. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo àkísà, páàdì àti pámpáàsì tó dí páìpù ló máa bá omi wọ táǹkì. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá wà ní ṣéńbà tó gbẹ, ẹ lè fi àwọ̀n tàbí réèkì gbà wọ́n bí wọ́n ṣe ń bọ̀. Ẹ kàn dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má dúró síwájú ẹnu páìpù, torí nígbà tó bá já, gbogbo rẹ̀ á tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀pá tí púlọ́ńbà ń so mọ́ra wọn ni kẹ́ ẹ lò. Bẹ́ ẹ ṣe ń tì í wọlé, ẹ máa yí i sápá ọ̀tún. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń fà á jáde náà, apá ọ̀tún ni. Ẹni tó bá yí i sósì, oríkèé ọ̀pá á tú nínú páìpù, ohun tó wá ń dínà á sì di méjì. Ẹ má lo ọparun. Ó máa ń ṣẹ́ sínú, ẹ̀gún rẹ̀ á sì máa mú irun àti àkísà títí láé. Irin kọ́ńkéré tí àwọn kan ń kì bọ̀ ọ́ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ó máa ń lu páìpù rọ́bà ní ihò tẹ́nìkan ò ní rí.

Wọ́n á ní kẹ́ ẹ da kọ́ọ́sítíìkì sódà tàbí áásíìdì bátìrì sínú rẹ̀. N ò gbà fún yín. Kọ́ọ́sítíìkì tó bá pàdé omi máa ń hó, ó máa ń ta sójú, ó lè fọ́ ojú. Àkísà àti pámpáàsì ò ní gbọ́ tirẹ̀, páìpù á sì tún dí lórí omi olóró tí ẹni tó ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́ ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Bí ẹnìkan bá wá da áásíìdì lé háípò lórí, gáàsì tó máa yọ nínú balùwẹ̀ tó há lè pa èèyàn. Ọ̀rá ilé ìdáná ló sábà máa ń dí páìpù ṣíńkì, torí epo pupa máa ń dì bó bá ti tutù. Ẹ fi ọwọ́ kó ọ̀rá inú ṣéńbà kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná, kẹ́ ẹ wá da omi gbígbóná àti ọṣẹ tí a fi ń fọ abọ́ tẹ̀ lé e. Omi tó gbóná ni mo wí, kì í ṣe omi tó ń hó. Páìpù rọ́bà máa ń rọ̀, oríkèé rẹ̀ á sì yẹ̀.

Bí ọ̀pá bá ń kan ohun kan tó ń fà padà, tó sì ń mú okùn tíntìn-tíntìn jáde, gbòǹgbò igi ni. Máńgòrò, dóńgóyárò àti ọdán ló pọ̀ jù lọ́gbà wa. Gbòǹgbò kì í lu páìpù tó dá. Oríkèé tó ń jò ló máa ń tọ̀ lọ. Ẹni tó bá gé gbòǹgbò inú páìpù nìkan, á tún bá a níbẹ̀ lẹ́yìn òjò mélòó kan. Ẹ gbẹ́ ibẹ̀, ẹ gé apá páìpù náà sọnù, kẹ́ ẹ fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé páìpù aláásíbẹ́sítọ́ọ̀sì àtijọ́ ni, eléérú tó le bí símẹ́ńtì, ẹ má fi ayùn gé e ní gbígbẹ, ẹ má fi òòlù fọ́ ọ. Eruku rẹ̀ máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ fi omi rin ín, kẹ́ ẹ yọ ọ́ láti oríkèé sí oríkèé.

Nígbà tí ọ̀nà bá ti là, ẹ kún dúróọ̀mù kan lómi, kẹ́ ẹ máa fi garawa dà á lọ́kọ̀ọ̀kan, kíákíá, sínú ìgbọ̀nsẹ̀ tó jìnnà sí táǹkì jù. Omi tó bá wá lẹ́ẹ̀kan náà ló ń gbá ìdọ̀tí lọ; omi ẹ̀rọ tó ń ṣe ṣìn-ìn kò lè ṣe é. Ẹ dà á títí omi tó ń kọjá nínú ṣéńbà ìkẹyìn yóò fi mọ́.

Ẹ̀kọ́ àtijọ́ kan wà tí mo nífẹ̀ẹ́ gan-an, kò sì náni lówó. Ẹ gbé dígí kékeré sínú ṣéńbà kan, lẹ́nu páìpù, kẹ́ ẹ dà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ títí tẹ́ ẹ fi lè rí inú páìpù nínú rẹ̀ látòkè. Kẹ́nìkejì tan tọ́ọ̀ṣì láti inú ṣéńbà tó tẹ̀ lé e. Bí páìpù bá tọ́ tó sì mọ́, ẹ ó rí ìmọ́lẹ̀ náà ní róbótó bí òṣùpá àrànmọ́jú. Bí ẹ bá rí ìlàjì, páìpù ti rì láàárín tàbí nǹkan ṣì wà níbẹ̀. Bí omi bá dúró nínú ìlàjì ìsàlẹ̀, ó ti rì nìyẹn, ìfọ̀ ò lè tún un ṣe. Páìpù oní-ínṣì 4 yẹ kó máa fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5 dà lọ sísàlẹ̀ lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Kí bíríkìlà fi rọ́bà tó kún fómi wọ̀n ọ́n láti ṣéńbà sí ṣéńbà, bó ṣe máa ń wọn ìpìlẹ̀ ilé, kẹ́ ẹ sì gbẹ́ ibi tó rì, kẹ́ ẹ tẹ́ iyanrìn sábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ju bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì kan sínú páìpù lókè, ẹ da omi tẹ̀ lé e, kẹ́nìkan fi àwọ̀n dè é nísàlẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá dé láìdúró, ọkàn yín lè balẹ̀.

Ilé tí ẹnikẹ́ni ò gbé fún ìgbà pípẹ́ ní ìṣòro tirẹ̀. Omi tó máa ń dúró sí ọrùn ìgbọ̀nsẹ̀ àti abẹ́ ṣíńkì á gbẹ, òórùn àti aáyán á gba ibẹ̀ wọlé, ẹni tó wá wo ilé á sì rò pé páìpù ti bàjẹ́. Ẹ da omi sí gbogbo ihò, títí kan ti ilẹ̀ balùwẹ̀, kẹ́ ẹ sì kán òróró díẹ̀ sí i lórí kó má tètè gbẹ. Ẹ gun àkàbà wo orí páìpù afẹ́fẹ́ tó nà kọjá òrùlé. Ẹyẹ àti agbọ́n máa ń kọ́ ilé sẹ́nu rẹ̀, bó bá sì dí, ìgbọ̀nsẹ̀ á máa pariwo gbúlúgbúlú nígbà tẹ́ ẹ bá fọmi sí ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Bí gbogbo èyí bá dára tí sókàwéè kò sì fa omi mọ́, ẹ má ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ẹ gbẹ́ tuntun, ó kéré tán mítà 30 sí kànga èyíkéyìí, títí kan ti ẹni tó wà lẹ́yìn ọgbà. Bí àpáta ò bá jẹ́ kó jìn, ẹ jẹ́ kó gùn: kòtò gbọọrọ tó fẹ̀ díẹ̀, tí òkúta wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀, máa ń fa omi ju ihò jíjìn tó jókòó lórí àpáta lọ. Bí owó ò bá tó, ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ rà á, kẹ́ ẹ yọ iye owó náà kúrò nínú owó ilé. Àwọn kan á ní mo ń ba ọjà jẹ́. Àwọn tó máa bu omi mu nínú kànga yẹn ni mo ń rò.

Ẹ jẹ́ kí ìdílé kan tàbí alágbàtọ́jú ilé lo gbogbo ìgbọ̀nsẹ̀ náà fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lẹ́yìn ìfọ̀, kẹ́ ẹ tó pe ejẹ́ǹtì. Bí nǹkan kan bá ṣẹ́kù, yóò hàn nínú àkókò yẹn. Láàárín àkókò náà, kí bíríkìlà da ìdérí tuntun fún ṣéńbà tí ti rẹ̀ ti sán, kó fi irin ìdìmú sí i, kó má sì fi símẹ́ńtì lẹ̀ ẹ́ pa. Ẹ mú bébà kan, ẹ ya ilé, ṣéńbà, táǹkì, sókàwéè àti kànga sí i, ẹ fi okùn wọ̀n wọ́n láti igun ilé, ẹ kọ iye mítà sí i. Ẹ kọ oṣù àti ọdún tí wọ́n fa táǹkì kẹ́yìn, ibi tẹ́ ẹ ti pààrọ̀ páìpù, àti ibi tí sàréè wà. Ẹ ṣe ẹ̀dà méjì, kí ọ̀kan lọ pẹ̀lú ìwé ilé.

Lọ́jọ́ tí ẹni tó fẹ́ ra ilé bá dé, ẹ má mú un lọ sí pálọ̀. Ẹ kí i káàbọ̀, ẹ fún un lómi mu, kẹ́ ẹ mú un lọ sẹ́yìnkùlé, ẹ ṣí ṣéńbà ìkẹyìn, kẹ́ ẹ ní kí àbúrò yín kan fọmi sí gbogbo ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kó fojú ara rẹ̀ rí i bí omi ṣe ń kọjá. Ẹ fún un ní bébà náà, kó bi yín ní ohun tó bá fẹ́ bi yín. Kẹ́ ẹ tó jọ wọlé lọ sọ̀rọ̀ owó, ẹ da ìdérí padà, kẹ́ ẹ sì fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó jókòó dáadáa.